Ìdajì Orin Tí Jẹ́jẹ́ Mọ̀

Èmi ni mo sọ àbúrò ọkọ mi ní Jẹ́jẹ́. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, mo sì ní láti rí nǹkan kan pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èèyàn ti wọlé títí ó fi wúkọ́. Mo ní, "Ta lèyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí olè?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ibẹ̀ lorúkọ ti mọ́ ọn lára. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó wa. Irun mi ti funfun báyìí, Ìyàwó wa náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe òun ló ń fọ̀ ọ́ o. Tiẹ̀ ni kó máa lọ̀ ọ́. Á dúró nídìí tábìlì gígùn láti àárọ̀, áyọ́ọ̀nù á máa tú ooru sí i lójú, ariwo ẹ̀rọ ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Tó bá kúrò níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló ń lọ bá, kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ó máa yá." Ó ti ń sọ ọ́ kí n tó dé ilé wọn. Èwo ni ó máa yá lẹ́nu ẹni tó ti ń fi awò kàwé?

Télọ̀ ni ọkọ mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù, máṣínì méjì, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí mo ti ń rán bọ́tìnnì tí mo sì ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ní ọ̀sán Sátidé, tí àwọn oníbàárà bá ti kó aṣọ wọn lọ tán, Jẹ́jẹ́ á gbé gìtá ẹ̀ dé. Ọkọ mi á sọ tiẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Wọ́n á gbé àga méjì kojú ara wọn, eékún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti ra gìtá alákọ̀ọ́kọ́, tí ọkọ mi ń kọ́ ọ fúnra ẹ̀ tó sì ń kọ́ àbúrò ẹ̀ ní ohun tó bá ti yé e. Okùn gìtá bó ọkọ mi níka débi tí kò fi lè ki abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò ṣe Jẹ́jẹ́ ní nǹkan kan, áyọ́ọ̀nù ti ba tiẹ̀ jẹ́ tipẹ́. Ọkọ mi ní ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pín in, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ mi ló ń ta ohùn òkè, èyí tí èèyàn máa gbọ́ táá máa kọ lọ sílé. Jẹ́jẹ́ ló ń ta ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé tòkè dúró. Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó jẹ́ kóun náà gbìyànjú òkè. Ọkọ mi fi ojú ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ní, "Ìwọ ṣe tìẹ kó dára, tèmi á dára." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n lòun.

Wọ́n mọ orin ọlọ́rin díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí ọkọ mi ṣe fúnra ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "Aṣọ Ò Tíì Gbẹ," nítorí Jẹ́jẹ́ àti iṣẹ́ ẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló ní. Bí ọkọ mi ṣe ń rán kóòtù ló ṣe ṣe é, aṣọ inú ló kọ́kọ́ gé. Ó kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn tó máa gùn ún lórí. Ó rí ti ìkíní, ó rí ti ìkejì, ó rí ti ìkẹrin. Kò rí ti ìkẹta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀, á ní, "Fo ìyẹn ná, mo ṣì ń wá ojú ẹ̀," wọ́n á sì fò ó bọ́ sí ìkẹrin. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n kàn ń fò ó ni, bí èèyàn ṣe ń fo àtẹ̀gùn tó ti fọ́ nílé ara ẹ̀.

Nǹkan kejì ni pé ọkọ mi kì í wọlé lásìkò. Jẹ́jẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á ta ìsàlẹ̀ yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì yẹ kí òkè wọlé nígbà náà. Rárá o. Ọkọ mi á kọ́kọ́ nu àtẹ́lẹwọ́ kan lára ṣòkòtò, á nu èkejì, á tún tèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣe lọ́rùn. Jẹ́jẹ́ á tún un yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, á máa dúró dè é. Kò ráhùn rí. Èmi ni mò ń ráhùn. Mo máa ń fi òwú sẹ́nu, tí abẹ́rẹ́ ń mì létè mi, màá ní, "Ẹ ò wọlé, ọmọ yìí ti ń yí ká látàárọ̀." Ọkọ mi á ní kí n mójú tó bọ́tìnnì mi.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa ọkọ mi. Kò pẹ́ rárá. Ó ń wúkọ́ nídìí máṣínì lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì àwọn èèyàn ti kún ilé mi wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Mo ta máṣínì kan, mo fi aṣọ bo èkejì. Gìtá ẹ̀ wà lára ògiri, mi ò sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò sì nù ún.

Mo rò pé Jẹ́jẹ́ ò ní wá mọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ilẹ̀kùn ṣí, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀, mo wò, ó ti jókòó sórí àga ẹ̀. Ó gbé àga kejì kojú ara ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìsàlẹ̀.

Ẹ ò mọ bó ṣe rí. Orin tí kò ní orin nínú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbé nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ máa gbọ̀n aṣọ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti lọ, ó ti dá àga padà sí àyè ẹ̀. Sátidé kejì, ó tún dé. Mo jókòó tì í lọ́tẹ̀ yìí, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù tó ti ní bọ́tìnnì. Àdáwà ń pa á, ó sì ń pa èmi náà. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ni a fi jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n máa ń ṣe àpèjọ nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ọ̀gá wọn obìnrin, ẹni tó ń bójú tó àwọn tó ń lọ aṣọ, rí i lọ́jọ́ kan tó ń fi ìka ta etí tábìlì bíi pé gìtá ni. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ gìtá ta ni?" Jẹ́jẹ́ mi orí pé òun mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọrin fún wa lọ́dún yìí. Jẹ́jẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Rárá." Ó ní ó dáa.

Ìgbà tó sọ fún mi, mo ní, "Orin wo lẹ fẹ́ kọ fún wọn? Ìdajì?"

Ó ní, "'Aṣọ Ò Tíì Gbẹ' ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ, Ìyàwó wa. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí àfi àwa nìkan." Ó na ọwọ́ sí gìtá ẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá ta á níbẹ̀ tí kò dún bí orin, mo máa gbé gìtá yìí wá síbí, kẹ́ ẹ bá mi gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo bi í bóyá ilé mi ti di ilé ẹrù gìtá. Àmọ́ mo rò ó wò. Tí kò bá fọwọ́ kan gìtá mọ́, kí ló fẹ́ máa wá ṣe nílé mi ní Sátidé? Jẹ́jẹ́ kọ́ lẹni tó máa wá torí kó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo rí àwọn Sátidé náà níwájú mi, èmi àti máṣínì tí mo faṣọ bò.

Ó gbìyànjú láti kọ́ ohùn òkè náà. Mo sọ gìtá ọkọ mi kalẹ̀ fún un fúnra mi. Ó fi ìka kan ń wá a káàkiri bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá rí ohùn méjì, ìkẹta á sọ nù, kò sì ní pẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ á fi padà sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó ti ọkọ mi ní gbogbo ọdún yẹn, ẹ ò gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mi ni mo máa ń wò, kí n má baà ṣì wọ́n lọ́nà."

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ń kọ́? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Mo ní bọ́tìnnì ni mò ń rán. Mi ò sì purọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi nìyẹn. Mi ò kọrin rí láyé mi. Bí mo bá la ẹnu kọrin nínú ìjọ, ẹni tó wà níwájú mi á wẹ̀yìn.

Onígbàjámọ̀ kan wà ní òpópónà kejì tó ní gìtá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wa ta ohùn òkè sí i. Ó dé pẹ̀lú bàtà dídán, ó jókòó sórí àga ọkọ mi láì bi mí. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ ta tiẹ̀. Ó tẹ́tí, ó ní, "Ìsàlẹ̀ nìkan lèyí, orin náà dà?" A wo ara wa. Ó ní kò burú, òun máa fi nǹkan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá lórí okùn, ọwọ́ ẹ̀ yá, ó dùn létí, irọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ní kó dúró.

"Orin ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, màmá. Mo kàn ń ṣe é bó ṣe ń wá."

Mo ní kó máa ṣe é bó ṣe ń wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, mo rò pé ó máa bá mi jà. Ó kàn gbé àga náà kúrò níbi tí onígbàjámọ̀ gbé e sí, ó gbé e padà síbi tó máa ń wà. Ó ní òun nìkan náà ló máa lọ ta á.

Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá látilé. Ta ni Jẹ́jẹ́ ní àfi èmi? Mo wọ aṣọ tí ọkọ mi rán fún mi gbẹ̀yìn, mo bá a lọ. Gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n lò, wọ́n ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n to àga. Òórùn ọṣẹ àti ooru aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó sí ìlà kẹta láàárín àwọn ọmọ àti ọkọ àti ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọkùnrin awakọ̀ kan pa àwàdà tó gùn jù. Wọ́n wá pe Bàbá Onígìtá.

Ó jókòó sórí àga níwájú. Kí ni mo rí? Ó gbé àga kejì, ó gbé e kojú ara ẹ̀. Ọ̀gá wọn rò pé ó fẹ́ gbé nǹkan lé e, ó gbé máìkì síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ta ìsàlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáká. Àwọn èèyàn ń dúró kí orin bẹ̀rẹ̀. Orin ò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ń béèrè omi. Ẹnì kan lẹ́yìn mi bi ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí ó ṣì ń tún okùn ṣe?" Ẹ̀rín sọ lápá ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín lásán ni. Jẹ́jẹ́ gbọ́. Mo rí ọrùn ẹ̀ tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò dúró o. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó dé ibi tó yẹ kí òkè wọlé. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ó tún un yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ẹ̀ wà lára àga tí kò sẹ́ni lórí ẹ̀ níwájú ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọkọ mi ló ń dúró dè.

Mo wá gbọ́ nǹkan kan. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Ètè mi pa dé, bó ṣe máa ń rí nígbà tí òwú bá wà láàárín ẹ̀, ohùn náà sì ń gba imú mi jáde, ohùn òkè, ìlà kìíní, bí ọkọ mi ṣe ń ta á gẹ́lẹ́. Mo ti pẹ́ wọlé. Mo pẹ́ bí òun ṣe máa ń pẹ́, nítorí bí mo ṣe gbọ́ ọ mọ̀ nìyẹn, ibi tí Jẹ́jẹ́ sì ti ń dúró náà nìyẹn. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí. Mo jẹ́ kó máa wò.

Jẹ́jẹ́ ò gbójú sókè. Ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló yí padà, ó rọ̀, ó bọ́ sábẹ́ mi. Ìlà kìíní, ìlà kejì. Mi ò ronú rárá, mo fo ìkẹta bọ́ sí ìkẹrin, òun náà ti fò ó, ẹsẹ̀ wa balẹ̀ pa pọ̀. A parí ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ọ̀gá wọn ní ẹ ṣeun o, ó ní ká wá jẹun. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè nǹkan kan.

A dúró de bọ́ọ̀sì pa pọ̀, tiẹ̀ ń lọ sápá kan, tèmi ń lọ sápá kejì. Ó gbé gìtá sáyà bí ẹni gbọ́mọ. Ó ní, "Bó ṣe máa ń dún nìyẹn?"

Mo ní, "Bó ṣe máa ń dún nìyẹn."

Ó ní, "Ó dùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, bọ́ọ̀sì ẹ̀ sì dé, ó wọ̀ ọ́.

Sátidé, ilẹ̀kùn ṣí, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀. Ó gbé àga kalẹ̀. Èmi náà gbé àga mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò jókòó sórí tọkọ mi, mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. A ṣe ìlà kìíní, a ṣe ìkejì. Mo fẹ́ fò, àmọ́ ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ò fò. Ó bọ́ sínú ìlà kẹta, ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan, èyí tí ọkọ mi kọ́ ọ tí wọn ò sì jọ ta rí. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Ó lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó sì gùn.

Ó ń ta á lọ, ó ní, "Kí ni Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ fi sórí eléyìí?"

Mo ní, "Wọn ò sọ fún mi."

Ó ní, "Wọn ò sọ fún èmi náà."

Mo ní ṣé kí n wá nǹkan fi sí i. Ó ronú sí i, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró. Ó ní, "Rárá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé, mo gbọ́ gbogbo ìlà náà látòkèdélẹ̀, ó ṣófo lórí, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó dé ìparí ẹ̀, ó tún un yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó ń dúró dè mí. Mo nu àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lára ìró mi, mo wọ ìkẹrin.